Ẹ kú ewu: láti Mọ́kọ́lá dé Leeds

Ní ilé wa ní Ìbàdàn, bí ìkòkò ọbẹ̀ bá dojú dé tí kò ta sí ọmọ lára, "ẹ kú ewu" ni. Bí ọkọ̀ bá gbókìtì tí èèyàn sì jáde láàyè, "ẹ kú ewu" ni. Obìnrin bímọ, "ẹ kú ewu ọmọ." Mi ò mọ̀ pé ìkíni yìí jẹ́ ohun tí àárò rẹ̀ lè sọ èèyàn, àfi ìgbà tí mo dé Leeds, ìlú kan ní England, tí ewu ré mi kọjá lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì kí mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Ilé tí a ń gbé ní Mọ́kọ́lá nígbà náà, yàrá mẹ́fà ló kọjú síra wọn, kọ́rídọ̀ gbọọrọ wà láàárín. Oníkálukú ló ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tiẹ̀, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour". Lọ́sàn-án, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń wà. Lálẹ́, olè ò jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti jí ti bàbá télọ̀ tó wà ní yàrá iwájú. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ó gbé jẹnẹrétọ̀ wọ kọ́rídọ̀, a ó fi ṣéènì dè é, a ó sì tàn án síbẹ̀. Ilẹ̀kùn àbáwọlé la máa ń ṣí sílẹ̀ kí èéfín lè ráyè jáde. Lóru ọjọ́ tí mo ń wí yìí, òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹnìkan dìde lọ ti ilẹ̀kùn kí omi má baà wọlé.

Ọmọ mi, tí kò tíì pé ọdún méjì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀, mo rò pé ibà ni. Mo pe ọkọ mi, kò dáhùn. Mo gbá a létí, ó kùn, ó tún sùn lọ. Ìyá Ìbejì, yàrá kejì sí tiwa, ló yọ wá. Ìtọ̀ ló jí i o, kì í ṣe pé ẹ̀mí kan bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó ṣe máa ń sọ ìtàn náà báyìí nìyẹn. Ó ṣílẹ̀kùn, èéfín kọlù ú, ó figbe ta. Òun ló pa jẹnẹrétọ̀, òun ló ṣí ilẹ̀kùn iwájú, òun ló ń fi ọmọ odó gbá ilẹ̀kùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wa fi jáde. Inú òjò la jókòó sí dòwúrọ̀, tìró-tìró, àwọn ọkùnrin nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, bí adìẹ tí òjò pa.

Carbon monoxide ni orúkọ gáàsì tó ń pa èèyàn nínú èéfín yẹn. Kò lóòórùn, kò ṣeé fojú rí. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, ó sì ń gba ibi tó yẹ kí atẹ́gùn rere jókòó sí. Ẹni tó bá sùn lè má mọ̀ kó tó kú. Leeds ni mo ti kọ́ ìyẹn. Ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ náà, epo pupa ni wọ́n rọ sí wa lẹ́nu, wọ́n fi mílíìkì agolo lé e. Epo ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Atẹ́gùn ìta tí a jókòó sí ló wò wá sàn, òjò tí à ń bú ló ṣe wá lóore.

Àmọ́ ẹ wo àwọn èèyàn. Kó tó di aago mẹ́jọ, ilé ti kún. Ìyá alákàrà gbé àkàrà wá, kò gbowó. Bàbá onílé, tí a jẹ ní owó ilé oṣù mẹ́ta, wá jókòó, kò dárúkọ owó ilé. "Ẹ kú ewu o." "Ewu iná kì í pa àwòdì." "Ẹ kú orí ire." Bí ẹnìkan bá ti ń wọlé la ó tún ìtàn náà sọ látìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀rù ti kúrò lára mi, ó ti di ìtàn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìbejì, mùsùlùmí, bá wa lọ, ó sì jó ju èmi lọ. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣe sàráà tiẹ̀, àwa náà lọ jẹ mọ́sà.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì sàráà, jẹnẹrétọ̀ ti padà sí kọ́rídọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Tiwa wà níbẹ̀.

Oṣù Karùn-ún 2023 ni a dé Leeds, èmi, ọkọ mi àti ọmọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo bá wá, a sì rọ́nà wọlé kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024 pé irú wa ò gbọdọ̀ kó ẹbí dání mọ́. Nínú ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, màmá kan wà tí kò lè dá dìde. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní hoist la fi ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Aṣọ rẹ̀ dà bí ọ̀já tí a fi ń pọnmọ: a ó tẹ́ ẹ sábẹ́ màmá, a ó fi okùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ẹ̀rọ náà, ẹni kejì á tẹ bọ́tìnnì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, màmá ti ń gòkè nígbà tí ojú mi ṣèèṣì bọ́ sí okùn ìhà ẹsẹ̀ òsì. Ojú ìránṣọ rẹ̀ ti ń tú. Òwú díẹ̀ báyìí ló kù tó dì í mú, ó sì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń gbọ́ ọ. Mo kígbe, Yorùbá ló jáde: "Ẹ dúró!" Mo fi àyà mi gbé màmá ró, ẹnìkejì mi rọra sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. Ẹ̀yìn màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì ni, okùn já. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé irú ohùn báyẹn wà lọ́fun mi.

Ọ̀gá wa dé. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé fọ́ọ̀mù kan lé mi lọ́wọ́, near miss ni wọ́n kọ sí i lórí, ìyẹn ni ìjàm̀bá tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Aago mélòó? Ta ló wà níbẹ̀? Kí lo rí? Kí ni kò bá ti ṣẹlẹ̀? Kí la lè ṣe kó má tún wáyé? Mo kọ ọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ hoist inú ilé náà jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n ń fọwọ́ fa ìránṣọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi síṣọ́ọ̀sì gé mẹ́ta mìíràn kí ẹnikẹ́ni má baà lò wọ́n mọ́. Òfin ilẹ̀ yìí, láti 1998, ni pé oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn wò. Ìwé sì wà pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ tí mo kọ fọ́ọ̀mù yẹn, àwa gan-an la ń yẹ okùn wò ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó.

Mi ò ní fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí la lè ṣe kó má tún wáyé?" Àwa náà ń bi ara wa bẹ́ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, Ọlọ́run la kàn ń bi. "Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Àmín la fi ń pa fáìlì rẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kí mi. Wọ́n ní mo ṣeun, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ mu tíì. Mo mu tíì. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, mo ti ń fún bàbá mìíràn lóúnjẹ. Ìgbà tí mo délé lálẹ́ ni mo pe Màámi lórí WhatsApp. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí wọ́n fi ké: "Ẹ̀ẹ̀! O kú ewu o, ọmọ mi! Ewu iná kì í pa àwòdì! Màmá òyìnbó yẹn náà, bá mi kí wọn, ní wọ́n kú ewu." Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi. Láti aago méje òwúrọ̀ ni ara mi ti ń gbé okùn yẹn ró, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti parí.

Mo jẹ́ iṣẹ́ Màámi lọ́jọ́ kejì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju pé inú ìyá mi dùn pé ẹ ò kú. Màmá wò mí títí. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyá mi pé inú tiwọn náà dùn sí i.

Ilé tí a yá níbí ní ẹ̀rọ aṣọ́lé méjì. Ọ̀kan ń ṣọ́ èéfín, èkejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà tó ń mú omi gbóná, ń ṣọ́ carbon monoxide. Onílé ò fi ìyẹn ṣàánú wa. Láti oṣù Kẹwàá 2022, dandan ni fún onílé ní England kó fi í sí yàrá tí bọ́ílà gáàsì bá wà. Èyí tó ń ṣọ́ èéfín kò fẹ́ràn oúnjẹ wa rárá. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo dín ata, ó han tí ọmọ fi bẹ́ sábẹ́ tábìlì. Ọkọ mi wá fi nylon wé e lórí bí ẹni wé gèlè. Nígbà tí ẹni tí onílé rán wá yẹ ilé wò gbójú sókè, tó bi wá pé kí nìyẹn, ọkọ mi ní ìyàwó òun ló fẹ́ràn ata. Mi ò tíì dárí jì í. Èmi náà ni mo tú nylon ọ̀hún kúrò nígbà tó yá, kì í ṣe nítorí aṣojú onílé. Mo dùbúlẹ̀ lóru ọjọ́ kan, mo rántí kọ́rídọ̀.

Ti àìlówó, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiyèméjì lórí èwo ló sàn. Ẹ ò ní gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ bébà 200, 500 àti 1000 náírà, tí owó pòórá nílùú. Owó wà ní báńkì, a ò rí i ná. Owó làwọn oní-POS ń ta fún wa. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ pé ká máa ná bébà àtijọ́ títí ọdún yóò fi parí. Àwìn la fi jẹun títí dìgbà yẹn. Ìyá aláta kọ gbèsè mi sára pátákó ìsọ̀ rẹ̀, èédú ló fi kọ ọ́, gbangba, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kà á.

Níbí, owó ò pòórá, èmi ni mi ò ní in. Wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ mi kù lẹ́yìn ọdún Kérésì. Mítà ilé wa, onísísan-ṣáájú ni. Ní Ìbàdàn, owó wà nínú mítà, iná ni kò sí. Ní Leeds, iná wà tọ̀sán-tòru, mítà ni kò lówó. Ó máa ń yáni ní pọ́n-ùn díẹ̀ bí owó bá tán pátápátá, á sì yọ ọ́ padà nígbà tí o bá tún san owó sí i. Lórí ìwé ìgbélùú mi, wọ́n kọ ọ́ kedere pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Olùkọ́ ọmọ mi ló ṣàkíyèsí, mi ò mọ ohun tó rí, ó fún mi ní ìwé pélébé kan tí mo mú lọ síbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún ẹni tí kò ní. Mo fa fìlà bojú. Pásítà, ẹ̀wà inú agolo, ìrẹsì, tíì. Obìnrin tó kó o fún mi kò bi mí ní nǹkan kan, kò sì tẹjú mọ́ mi. Mo ronú kan pátákó ìyá aláta. Ní ti èyí, kí n má purọ́, Leeds ni mo yàn.

(Àjọ la fi la oṣù Kejì já, obìnrin mẹ́jọ, pọ́n-ùn 200 lóṣù. Wọ́n ní kí èmi kọ́kọ́ kó o. Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni.)

Ní Kérésì tó kọjá, ẹnìkan ń lọ sílé. Mo ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ carbon monoxide yẹn kan, mo ní kó bá mi fún Màámi. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lórí fídíò, ibi tí wọ́n máa gbé e kọ́, bí wọ́n ṣe máa dán an wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo béèrè.

"Ó wà o. A dúpẹ́."

"Níbo, Màámi?"

"Inú ṣókéèsì. Ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ké lóru Ọjọ́rú, ó jí gbogbo ilé. Mo bá yọ bátìrì ẹ̀."

"Jẹnẹrétọ̀ ń kọ́?"

"Ó wà ní kọ́rídọ̀. Ibo lo fẹ́ kí n gbé e sí? Ṣé o ti gbàgbé olè ni?"

Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, wọ́n ń pe orúkọ mi.

"Màámi," mo ní, "ẹ kú ewu."

"Ewu kí ni?"