Ẹ pa iná ilé kẹ́ ẹ tó ní àlááàmù ti dáa

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wáyà, ọ̀rọ̀ iná tó ń gbé àlááàmù ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ, yálà ti olè ni àbí ti ilé jíjó. Tí iná bá wà, àlááàmù wo ni ò ní ṣiṣẹ́? Àmọ́ olè lè pa iná kó tó wọlé, ilé tó ń jó náà lè já bíríkà, ìyẹn ohun tó máa ń gé iná tí wàhálà bá wà, kí ẹnikẹ́ni tó jí lójú oorun. Ìgbà tí iná ò sí yẹn gan-an ni mo ń rò tí mo bá ń fa wáyà.

Ẹ má ki tiransífọ́mà páńẹ́lì, ìyẹn àpótí tó ń darí àlááàmù, sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè yọ ọ́ kó fi ṣáàjì fóònù, ẹ má sì so ó pọ̀ mọ́ wáyà fíríìjì, torí ọjọ́ tí fíríìjì bá já bíríkà, àlááàmù bá a lọ nìyẹn. Ẹ fún un ní bíríkà tiẹ̀ kẹ́ ẹ kọ orúkọ sí i. Ti ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín, àwọn míì máa ń fà á látara wáyà gílóòbù tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, èmi fara mọ́ ọn, torí tí gílóòbù ò bá tàn gbogbo ilé ló máa mọ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fà á kó tó dé súìsì o, kì í ṣe lẹ́yìn súìsì, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wo ohun tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà sọ.

Bátìrì tó ń gbé àlááàmù tí iná ò bá sí, ẹ ṣírò ẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n. Tí gbogbo nǹkan tó wà lára páńẹ́lì bá ń fa 0.15A, wákàtí 24 á jẹ 3.6Ah (Ah ni iye A tó ń fà lọ́nà iye wákàtí), sáírínì tó ń fa 0.8A tó bá ké fún ààbọ̀ wákàtí á jẹ 0.4Ah, ó di 4Ah, ẹ fi ìdá mẹ́rin ẹ̀ kún un torí bátìrì á gbó, 5Ah nìyẹn, 7Ah gbé e dáadáa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ẹni tó gbé mítà lé bátìrì, tó rí 13.7 volt, tó ní kò sí wàhálà. Volt ṣájà lẹ rí yẹn, kì í ṣe ti bátìrì! Ẹ sọ fáwọn ará ilé àti aládùúgbò, ẹ wá pa iná, kẹ́ ẹ jẹ́ kí sáírínì ké kí mítà ṣì wà lórí bátìrì. Èyí tó ti gbó á já wálẹ̀ lójú yín, 11, 10, 9, ẹ ó máa gbọ́ bí ohùn sáírínì ṣe ń rẹ̀.

Ẹ wọn volt nídìí sáírínì náà, torí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹ iná. Wáyà 0.22mm² tó lọ 30m, àlọ àtàbọ̀ 60m, ìdènà ẹ̀ á tó bíi 4.7 ohm, tí sáírínì bá ń fa 0.5A, ó lé ní 2 volt tó ti bọ́ sọ́nà. Bátìrì tó ti wálẹ̀ sí 11.5, díẹ̀ lórí 9 ló máa dé ọ̀dọ̀ sáírínì. Ẹ lo wáyà tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbí kẹ́ ẹ so méjì-méjì pọ̀.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi máákà kọ oṣù àti ọdún sára bátìrì, kẹ́ ẹ sì fi han onílé, torí irú bátìrì yìí kì í sábà lò ju ọdún 3 sí 5 lọ.