Lékeléke, Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ẹni Tó Ń Lọ sí Kánádà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lékeléke máa ń dé bá wa, bí òjò bá sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn a forí lé Òkè Ọya láti lọ yé ẹyin. Ẹni tó bá dúró ti agbo màlúù yóò rí ohun tí wọ́n ń wá kiri: bí pátákò bá ti tẹ koríko, tata a ta sókè, lékeléke tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ màlúù a sì na ọrùn gbé e mì.

Ẹyẹ yìí kan náà ti rin ìrìnàjò tí kò ní àbọ̀. Láti Áfíríkà ló ti fò la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, tí wọ́n fi rí i ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1877. Ó bá màlúù níbẹ̀, ó jókòó, nígbà tó sì fi di 1953, ó ti ń pamọ ní Florida.

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni mí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí wọ́n yọ Ọba Kòsọ́kọ́ lóyè, Ẹ̀pẹ́ ni òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá. Ní 1862 ọba padà sí Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e kò lọ mọ́, ìdí nìyí tí a fi ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tó gba yàrá lọ́dọ̀ bàbá mi yàtọ̀ sí wọn pátápátá: àwọ̀n, ẹní àti ìkòkò nìkan ni ẹrù wọn, owó ẹja sì ń lọ sílé.

Nítorí náà, bí ọmọ ẹbí bá wá dágbére pé òun ń lọ sí Kánádà, mo máa ń bi í pé èwo nínú méjèèjì ni tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlọ àti àbọ̀, kó má ta ilẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́n nílé. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń lọ tẹ̀dó ni, kó kọ́ èdè onílẹ̀ dáadáa, kó sì yé náwó sórí ilé tí aláǹgbá nìkan yóò máa gbé. Kí tọkọtaya sì fẹnu kò kí wọ́n tó san owó físà, nítorí mo mọ ilé tí ọkọ ti ń kó sìmẹ́ńtì jọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ìyàwó ń wá ilé rà lọ́hùn-ún.