Bébà Ara Ògiri

Lánàá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo fi ọwọ́ ara mi lẹ bébà ara ògiri, èyí tí a mọ̀ sí wallpaper, sí pálọ̀ wa. Rọ́òlù kan gùn ní mítà 10, ó sì fẹ̀ díẹ̀ ju ìdajì mítà lọ. Mo rò pé méjì yóò tó, àmọ́ n kò ṣírò ohun tí a óò gé sọnù kí òdòdó ara rẹ̀ tó lè bára mu.

Mo po àtè náà títí ó fi rí bí ẹ̀kọ mímu. Abala àkọ́kọ́ lẹ̀ dáadáa. Ní ti ìkejì, bí mo ṣe ń fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ni ó ṣí láti òkè, tí ó sì rọra bò mí lórí bí ìbòrí ìyàwó, tòun ti àtè. Ìyàwó mi, tí ó ti kìlọ̀ pé kí n kọ́kọ́ ha ọ̀dà àtijọ́ tí ó ń bó lára ògiri náà kúrò, kò sọ ohunkóhun. Fọ́tò ni ó ń yà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?