Lọ́ńdọ̀nù dákẹ́, Tilos ń sinmi

Ẹ bá mi wo bọ́ọ̀sì Peckham, àdúgbò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárọ̀. Ó kún fọ́fọ́, síbẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ pìn-ín. Kálukú ti ki nǹkan bọ etí, ó tẹjú mọ́ fóònù. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi, àmọ́ bí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, a ò jù kí a mi orí síra wa lọ. Ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n kí ilé dákẹ́ kò ní kí ara ó sinmi o. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn náà ni a ti ń sáré.

Ní Tilos, erékùsù kékeré kan ní ilẹ̀ Gíríìsì láàárín Rhodes àti Kos, ariwo wà dáadáa. Agogo ọrùn ewúrẹ́ ń dún lórí òkè. Àwọn bàbá àgbà tó ń ta tavli, eré orí ọpọ́n tiwọn, nídìí kọfí ń jágbe mọ́ra wọn bí àwọn ọlọ́pọ́n ayò wa. Kò sí pápákọ̀ òfurufú níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa láti Rhodes dé Livadia, èbúté Tilos. Kí n tó ra búrẹ́dì láàárọ̀, mo ti kí gbogbo ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan ní kí èmi àti ìyàwó mi yà. Kó tó béèrè orúkọ wa, ó ti gbé ife omi tútù kalẹ̀, pẹ̀lú àwo pẹlẹbẹ tí èso tí wọ́n fi ṣúgà sè wà nínú rẹ̀ àti ṣíbí kékeré. Omi ni wọ́n fi ń gbàlejò, bíi tiwa.

Ọ̀sán ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti aago mẹ́ta sí márùn-ún ààbọ̀, òfin ní kí ìlú dákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù a tì. Ẹni tí kò ra tòmátì láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ní Peckham, mo lè ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pánlá lálẹ́! Mo pòṣé títí, nígbà tó yá mo sùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ta yín lólobó, ẹ̀yin ará Nàìjíríà: wáyà abẹ́ òkun láti Kos ni wọ́n gbọ́kàn lé fún iná tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń já wọn kulẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ní ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, sólà àti bátìrì ńlá. Iná kò ṣẹ́jú rárá ní gbogbo ìgbà tí a wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi ní kí a kó lọ síbẹ̀ pátápátá. Rárá o. Bí àìsàn bá le, Rhodes ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ. Àwọn ará Mikro Chorio, abúlé kan lórí òkè ní Tilos, pàápàá ti fi abúlé wọn sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, Lọ́ńdọ̀nù ló ń san án. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ ká máa lọ sùn lọ́sàn-án níbẹ̀ nígbà ìsinmi.