Kí Ẹ Tó Kó Irin Wálé: Ṣíṣí Jíìmù Kékeré l'Ékòó

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní London, Houston tàbí Toronto ló ń gbèrò àtipadà sí Èkó láti ṣí jíìmù kékeré, irú èyí tí olùkọ́ kan ti ń tọ́jú èèyàn kan sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Iṣan àti eegun ará Ṣúrùlérè kò yàtọ̀ sí ti ará Peckham. Iná, ilé àti ọ̀nà ló yàtọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì lè ti ilẹ̀kùn yín pa kó tó pé ọdún kan.

Ẹ̀rọ la ó kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni owó òkè òkun ti ń ṣòfò jù lọ. Treadmill, ẹ̀rọ tí èèyàn ń sáré lórí bẹ́líìtì rẹ̀, ló máa ń wá sọ́kàn gbogbo èèyàn. Èyí tó ti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà wá ń lo volt 120, iná tiwa sì jẹ́ 230. Ẹni tó bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù rẹ̀ á jó lójú ẹsẹ̀. Tiransifọ́mà tó máa gbé e gbọ́dọ̀ tó watt 3000, nítorí ẹ̀rọ tó ń fa amp 15 ní volt 120 ti ń jẹ watt 1800, ó sì ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà yìí: volt rẹ̀ bá tiwa mu, pọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ náà sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ṣùgbọ́n iná Èkó kì í fìgbà gbogbo pé 230. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan AC, ó lè wálẹ̀ gan-an. Mọ́tò á máa gbóná, bẹ́líìtì á máa dúró lábẹ́ ẹni tó bá sanra, títí ẹ̀rọ á fi kú. Sitẹ́bíláísà ń ran ìyẹn lọ́wọ́, àmọ́ kò lè dá iná tí kò sí rárá.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: ẹ má kó treadmill wá. Ẹ̀rọ tí èèyàn ń fà bí ẹni tó ń tukọ̀ (rowing machine), irú èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, tàbí kẹ̀kẹ́ alábẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní air bike, ń mú kí ọkàn èèyàn sáré bákan náà. Agbára ẹni tó ń lò ó ló ń yí i, bátìrì kékeré ló sì ń tan ojú rẹ̀. Ọ̀kan péré tó fún yàrá kékeré.

Iná tó kù tí ẹ nílò kò pọ̀. Ká sọ pé fáànù mẹ́rin ń jẹ watt 75 níkọ̀ọ̀kan, gílóòbù LED mẹ́fà ń jẹ 10, ẹ̀rọ orin àti ti íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 420. Ínfátà 3.5 kVA pẹ̀lú bátìrì lithium kilowatt-wákàtí 5 á gbé e fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá fi AC kan tó ń jẹ watt 1100 kún un, kò ní pé wákàtí mẹ́ta kó tó kú. Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ ní kí aládùúgbò fi rìsíìtì tókìn mítà rẹ̀ hàn yín. Iye tí wọ́n gbà lórí yúníìtì kan ló máa sọ báǹdì tí òpópónà náà wà. Band A gbọ́dọ̀ rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó Band A sí náírà 225 fún yúníìtì kan, ó sì ti ń yí láti ìgbà náà. Àdúgbò tó wà ní Band D á sọ yín di ẹrú jẹnẹrétọ̀.

Ní ti irin, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Igi irin (barbell, ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń kó àwo irin sí) kílò 20 kan àti ti kílò 15 kan. Àwo irin: méjì oníkílò 20, mẹ́rin oníkílò 10, mẹ́rin oníkílò 5, mẹ́rin oníkílò 2.5, dumbbell (irin kékeré tí à ń fi ọwọ́ kan gbé) méjì-méjì láti kílò 4, 6, 8, 10, 12, 16 dé 20, kettlebell (irin roboto tó ní ọwọ́ ìdìmú lókè) oníkílò 8, 12 àti 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 333. Ẹ ò lè fi bàálù gbé ìyẹn láìjẹ gbèsè. Ọkọ̀ ojú omi ló yẹ ẹ́, torí àyè ni wọ́n sábà máa ń gba owó lé lórí níbẹ̀, irin kì í sì í gba àyè. Igi irin méjèèjì ni a lè sọ pé kí ẹ mú bọ̀ láti òkèèrè, nítorí ibi tó ń yípo lẹ́nu rẹ̀ ṣòro láti rí gidi. Àwo àti dumbbell wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun eré ìdárayá nítòsí pápá ìṣeré ńlá ní Ṣúrùlérè. Ẹ gbé òṣùwọ̀n dání, torí àwo tí wọ́n kọ 20 sí lára lè jẹ́ 18.

Férémù tí wọ́n ń gbé igi irin lé, wẹ́dà lè ṣe é, páìpù rẹ̀ sì wà ní Òwódé Onírin. Onígun mẹ́rin ni kẹ́ ẹ rà, mìlímítà 75 sí 75, kí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3. Bí ẹ ò bá dúró tì wẹ́dà, 1.5 ló máa lò, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹnì kan á fi wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ó so òpó méjèèjì pọ̀ kó tó lu ihò sí wọn, kí ihò ọ̀tún àti ti òsì lè dọ́gba. Àárín ibi tí àwo ti ń bẹ̀rẹ̀ lára igi irin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 131, nítorí náà fífẹ̀ férémù láti ìta dé ìta kò gbọ́dọ̀ ju 122 lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: wẹ́dà á ṣe é ní 140 kó lè fẹ̀ dáadáa, igi irin ò sì ní jókòó sórí rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó kùn ún, ẹ gbé kílò 200 lé e kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ wá yẹ ojú jíjó rẹ̀ wò.

Ilé ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Nínú ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ẹnjiníà wa ń lò, dẹ́kìn ilé gbígbé jẹ́ èyí tí wọ́n ṣírò fún bíi kílò 150 lórí mítà kan níbùú àti lóròó, ti jíìmù sì jẹ́ bíi 500. Ní ìlú tí ilé ń wó lulẹ̀ lórí àwọn èèyàn, a kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni máa ju irin lulẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé gbígbé. Àjà gbọ́dọ̀ ga tó mítà 2.7, kí fáànù sì jẹ́ ti ara ògiri, torí ẹni gíga tó bá gbé irin sókè á fi gbá èyí tó wà lókè. Yàrá tí kò fẹ̀ tó mítà 3.5 kò ní gba igi irin mítà 2.2 àti ẹni tó ń kó àwo sí i. Ibi tí irin ti ń bọ́ sílẹ̀, ẹ tẹ́ pákó plywood mìlímítà 18 ní ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ fi rọ́bà mìlímítà 20 lé e. Ikán ni ọ̀tá rẹ̀, ẹ fi òògùn ikán kun pákó náà ní ojú méjèèjì. Ẹ lọ wo ilé náà lóṣù kẹfà, lẹ́yìn òjò ńlá, kì í ṣe ní Oṣù Kejìlá tí ẹ bá wá ṣọdún.

Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí lánlọ́ọ̀dù gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń san lọ́dọọdún, àmọ́ òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ẹ fi owó ájẹ́ńtì àti ti agirímẹ́ǹtì kún ìṣirò yín.

Ọ̀rọ̀ aago ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ará Gbàgádà tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island ti wà lórí Third Mainland Bridge kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, ó sì lè di aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó padà. Nítorí náà, ní Mainland lọ́hùn-ún, aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ jẹ́ ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn oníṣòwò àti àwọn ìyá tó ti gbé ọmọ síléèwé, alẹ́ sì jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Ní Victoria Island ó yí padà: àwọn tó ń sá fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á ti dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, iṣẹ́ wọn sì di mẹ́jọ. Balùwẹ̀ tó ní omi ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ yín gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ nínú ẹ̀sítéètì, ẹ béèrè aago tí wọ́n ń ṣí géètì.

Ẹ yí ọ̀rọ̀ ẹnu náà padà. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún kì í ṣe ẹni à ń forúkọ pè bó ti wù kí fọ́ọ̀mù wí. Mọ̀mí ni. "Ẹ tẹ orúnkún, ẹ gbé àyà sókè, ẹ mí síta." Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó-dìde lórí àga, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ dé àpótí ìdáná. Fún gbígbé irin nílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀ tó ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Ẹ má sọ fún àgbàlagbà pé "ẹ dọ̀bálẹ̀" nígbà tí push-up bá kàn. Ẹ fi ògiri tàbí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan.

Kó tó di pé wọ́n gbé nǹkan kan, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dì mọ́ apá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 180 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 110, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe irin. Ẹ kọ́ gbogbo wọn láti má ṣe di èémí mú, torí ó ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹ béèrè jẹ́nótáìpù wọn pẹ̀lú: àìtó omi lára àti àṣejù lè dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ SS, dókítà rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ní ti owó, ká sọ pé ìnáwó oṣù kan jẹ́ náírà 600,000. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún àti mẹ́rin ní Sátidé jẹ́ 34 lọ́sẹ̀. Bí 20 nínú rẹ̀ bá kún, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 87 lóṣù, ẹ ó sì gba bíi náírà 6,900 ní wákàtí kan kí ẹ tó rí kọ́bọ̀ fún ara yín. Ẹ ta á ní ìdì 8 tàbí 12, kí wọ́n sanwó ṣáájú, kó sì parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ ní wákàtí méjìlá ṣáájú ti pàdánù wákàtí rẹ̀, gó-sló ì báà ṣe é. Ní Lekki, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń jẹ irin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti òróró ẹ̀rọ nu igi irin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.