Driver wo ló dá Windows dúró? Bí a ṣe ń tọpa 0xD1

Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣàdédé di búlúù (tàbí dúdú, lórí Windows 11 tuntun), tí DRIVER_IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL, àṣìṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0xD1, sì hàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ á sáré lọ fọ díìsìkì, wọ́n á tún Windows gbé sí i. Iṣẹ́ àṣedànù ni. Driver (ètò tí Windows fi ń darí ẹ̀rọ kan, bíi káàdì Wi-Fi) tó dá wàhálà sílẹ̀ ni wọ́n máa tún gbé padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí káàdì Wi-Fi bá rán interrupt (àmì pé iṣẹ́ dé) sí processor, driver rẹ̀ á ṣe èyí tó kánjú, á fi ìyókù sílẹ̀ fún DPC (iṣẹ́ tí wọ́n sún síwájú díẹ̀), tó ń ṣiṣẹ́ ní IRQL 2; IRQL ni ìpele bí iṣẹ́ ṣe kánjú tó. Láti 2 lọ sókè, Windows ò lè lọ kó mẹ́mórì tó wà nínú pagefile (fáìlì orí díìsìkì tí Windows ń kó mẹ́mórì tí kò lò sí) wá, torí thread (iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́) gbọ́dọ̀ dúró dè é, kò sì sáyè ìdúró níbẹ̀. Driver tó bá fọwọ́ kan irú mẹ́mórì bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tó ti dá padà, kernel (ọkàn Windows) á dúró gbagidi.

Ẹ gba WinDbg (irinṣẹ́ tí a fi ń wádìí irú ìdúró yìí) láti Microsoft Store, ẹ fi ṣí fáìlì .dmp (dump, àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú mẹ́mórì nígbà tí ẹ̀rọ dúró) tuntun tó wà ní C:\Windows\Minidump. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tẹ .symfix àti .reload, láìsí symbol (àkójọ orúkọ àwọn apá kóòdù), orúkọ tẹ́ ẹ máa rí ò ṣe é gbára lé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ !analyze -v, á fi Arg1 dé Arg4 hàn.

Arg1 ni àdírẹ́sì mẹ́mórì tí driver fẹ́ dé, Arg2 ni IRQL, Arg3 ni ohun tó fẹ́ ṣe (0 ni kíkà, 1 ni kíkọ), Arg4 ni ibi tí kóòdù náà wà. Bí Arg1 bá jẹ́ 0000000000000028, ọ̀rọ̀ pagefile kọ́ nìyẹn: pointer (àdírẹ́sì tó ń tọ́ka sí mẹ́mórì) òfo ni driver náà dì mú, ó sì ń wá ohun tó wà ní 0x28 sí i.

Nígbà míì, ntoskrnl.exe (fáìlì kernel fúnra rẹ̀) ni WinDbg á dárúkọ. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibẹ̀ lásán ni. Ẹ tẹ k, ẹ wá nt!KiPageFault nínú stack (àtòkọ àwọn kóòdù tó pe ara wọn, èyí tó kẹ́yìn ló wà lókè). Ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ló fọwọ́ kan mẹ́mórì náà. Bí ó bá jẹ́ ndis tàbí storport, ti Microsoft nìwọ̀nyẹn, ẹ tún sọ̀kalẹ̀ títí ẹ ó fi rí àjèjì, bíi wifixyz+0x1c2f4 (wifixyz jẹ́ orúkọ àpẹẹrẹ). lmvm wifixyz á fi ibi tí fáìlì náà wà àti ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. (Déètì tó wà lára fáìlì Microsoft fúnra rẹ̀ kì í ṣe déètì mọ́, hash ni, nọ́ńbà tí wọ́n ṣírò láti inú fáìlì.)

Bí dump mẹ́ta bá dárúkọ driver mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa ba mẹ́mórì ẹlòmíì jẹ́. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ verifier /standard /driver wifixyz.sys (verifier ni irinṣẹ́ Windows tó ń dán driver wò), kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Àwọn driver tí kì í ṣe ti Microsoft ni kẹ́ ẹ kó sí i, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ̀rọ náà lè kọ̀ láti tàn. Bó bá kọ̀, ẹ wọ Safe Mode, ẹ tẹ verifier /reset. Bí verifier ò bá mú ẹnikẹ́ni, tí orúkọ sì ń yí ṣáá, RAM ni kẹ́ ẹ lọ dán wò.

Tọ́wọ́ bá ti tẹ driver náà, pnputil /enum-drivers á fi oem nọ́ńbà rẹ̀ (bíi oem12.inf) hàn, pnputil /delete-driver oem12.inf /uninstall á yọ ọ́. Ẹ gba tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà kí Windows Update tó gbé ti àtijọ́ padà wá.