Ìlù tó jẹ́ iṣẹ́ tí n kò rán an

Ẹ̀yin àbúrò mi, oṣù yìí ló pé ọdún 15 tí mo ra láàpútọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ mi ní Computer Village n'Íkẹjà. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni mo fẹ́ kọ. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kan nínú yín ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ ní sítúdíò orin mi ní Múṣín, mo rí fódà tó ń jẹ́ “New Folder (7)”, “kick final” àti “kick final gan-an” (kick ni ìró ìlù ńlá) wà nínú rẹ̀. Mo ní kí lèyí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu, màá tò ó lálẹ́ yìí.” Títò yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìkíní, ẹ má sọ WAV, fáìlì ohùn tí a ò fún pọ̀, di MP3 tí a ti fún pọ̀, torí pé àyè ti kún. Lóòótọ́, ìṣẹ́jú kan WAV sitẹrio ní 24-bit, 44.1 kHz, ń gba nǹkan bíi 16 MB. Ṣùgbọ́n MP3 máa ń fi ìdákẹ́ bíńtín kún ìbẹ̀rẹ̀ ohùn. Lúùpù yín, ègé ohùn tó ń yí po, ò ní bọ́ sójú ìlù mọ́, ẹ óò wá máa dá eléré lẹ́bi.

Ìkejì, orúkọ. Ẹ kọ BPM (bí ìlù ṣe yá sí, iye ìlù nínú ìṣẹ́jú kan), ẹni tó lù ú àti ọjọ́ tó lù ú sínú orúkọ fáìlì. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọ ọmọ lórúkọ. Sample, ègé ohùn tí a gbà sílẹ̀, ò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta, fáìlì project, ìyẹn orin tí à ń tò, kì í gbé ohùn dání, àdírẹ́sì ló ń gbé. FL Studio, ètò tí à ń fi ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà, kàn ń rántí pé sample báyìí wà ní fódà báyìí ni. Bí kò bá bá a níbẹ̀, á wá èyí tó ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú àwọn fódà tí ẹ ti fi hàn án, á sì mú un wọlé. Bí ìgbà téèyàn wọ àdúgbò tó béèrè Bàbá Ṣèyí, tí wọ́n mú Bàbá Ṣèyí mìíràn jáde fún un.

Ibí yìí ni mo ti jìyà. Ẹ jókòó dáadáa.

Ní 2014, mo pe bàbá onílù kan, ọmọ Àyàn pátápátá, wá sí sítúdíò. Ọjọ́ méjì la fi gba gángan wọn sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní, oríkì Èkó àti ti ìdílé kan n'Ísàlẹ̀ Èkó, fún orin tí oníbàárà kan fẹ́ fi yẹ́ ìyá rẹ̀ sí. Ọjọ́ kejì, àwọn ègé kéékèèké tí mo fẹ́ máa fi sínú bíìtì. Lọ́jọ́ méjèèjì, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ wọ́n ní gangan_01 títí dé gangan_12. Mo fi wọ́n sí fódà méjì, mo gbàgbé wọn síbẹ̀.

Nígbà tó di 2017, mo gbọ́n. Lóru ọjọ́ kan tí iná dúró, mo da fódà méjèèjì pọ̀. Windows bi mí bóyá kí òun fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Mo rò pé ẹ̀dà ni wọ́n, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn. Fáìlì tí wọ́n bá rọ́pò báyẹn kì í gba Recycle Bin kọjá. Ó lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, oníbàárà yẹn padà dé. Ìyá ti pé 80, ó fẹ́ kí orin náà gùn sí i, kó sì yá sí i. Mo ṣí project. Kò sí ìkìlọ̀ kankan, gbogbo sample wọlé wẹ́rẹ́. NEPA mú iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ò pọ̀, mo yára gbé e jáde. Gángan ń dún, ó sì ń dùn. Èmi ọmọ Múṣín, mo gbọ́ dídún rẹ̀, n ò gbọ́ ohun tó ń wí.

Lọ́jọ́ òde, ní Campos, kánópì ti dí ojú títì. Bí orin ṣe dé ibi oríkì, àwọn àgbà ń wo ara wọn. Bàbá kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọlọ́jọ́ìbí ò rẹ́rìn-ín. Níbi tí gángan ti yẹ kó wí pé “Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n”, ohun tó ń wí ni “Ebi ń pa onílù, ẹ bu oúnjẹ wá.” Lọ́jọ́ kejì yẹn, bí mo ṣe ń tún okùn makirofóònù ṣe, bàbá ti fi ìlù béèrè oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ mi, mo sì ti gbà á sílẹ̀ láìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló sọ ọ́ nínú orin, tòun ti reverb (gbohùngbohùn).

Oníbàárà náà ò san owó mi tó kù títí dòní. Ó tún ń sọ ọ́ káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó pé mo fi ìyá òun ṣẹ̀sín níbi tí wọ́n ti pa màlúù. Owó yẹn ò sì ju aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́ta lọ! Mo sáré wá bàbá lọ kí wọ́n lè bá mi tún un lù. Wọ́n ní ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti papò dà. Nínú oríkì yẹn, MP3 orin àkọ́kọ́ nìkan ló kù, kíbọ́ọ̀dù sì ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún ti fò lọ lórí mi. Ẹ ṣáà gbọ́: kí ẹ tó fọwọ́ kan fódà kankan, ẹ gbé gbogbo project tó ti parí jáde tòun ti ohùn rẹ̀. Nínú FL, “Zipped loop package” ni, lábẹ́ Export. Nínú Ableton Live, ètò orin mìíràn, “Collect All and Save” ni. Kí ẹ̀dà kan wà lórí hard disk external tí kì í sun sítúdíò.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ bàbá wá bá mi, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọwọ́ bàbá òun. Mo fún un ní fáìlì 12 tó kù. Ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé gangan_07, ó dá a dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wá fún wọn lóúnjẹ?”

Mo ní àmàlà ni, àmọ́ aago mẹ́rin ti lù.